Ọdún Mẹ́rin Tí Mo Fi Hanrun Nítorí Adé

Ẹ gbé fóònù yín sún mọ́ mi, kí ó lè gbọ́ mi yékéyéké. Ohun tí mo ṣe nìyí: mo pe olóòótọ́ ní òpùrọ́. Ní gbangba. Nínú ìpàdé àwa ọmọ Igbó-Ọsàn, ní Bódìjà níbí, ní ọ̀sán gangan, èmi Àdùnní tí gbogbo ẹgbẹ́ ń pè ní Ìyá Òótọ́, mo nàka sí Làmídì, mo ní, "Òpùrọ́ ni." Bẹ́ẹ̀, òótọ́ ló sọ. Kò sì sí ẹni tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ jù mí lọ láyé yìí.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín? Ayọ̀, gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lórí àga. Ọmọ tó ń kàwé ní yunifásítì, ẹsẹ̀ lórí àga!

Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí eyín iwájú mi méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, gbogbo ìlú ló ní ọba. Ẹ gbọ́ o. Gbogbo ìlú! Lónìí, ìlú kan ṣoṣo ló ní ọba ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, tiwa ni, Igbó-Ọsàn, lókè lọ́hùn-ún, lọ́nà Òkè-Ògùn. Àwọn tó kù, alága ni wọ́n ní. Ìbàdàn tó tóbi tó báyìí, alága ni. Alága tó ń wọ kóòtù, tó ń ṣe ọdún mẹ́ta, tó ń lọ sílé rẹ̀. Ẹ̀yin ò mọ nǹkan mìíràn, ẹ rò pé bí Ọlọ́run ṣe dá ayé nìyẹn. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé fi ń wọ bọ́ọ̀sì ní Ìwó Road lọ wo ọba wa, bí ẹni lọ wo kìnnìún. Wọ́n á dé ààfin, wọ́n á ní, "Kábíyèsí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wojú kámẹ́rà." Ẹ gbà mí o! Kábíyèsí, ẹ wojú kámẹ́rà…

Ogun òyìnbó ló kó àwọn ọba tó kù lọ. Ogun ńlá tí gbogbo ayé bá wọn jà. Ìjọba ní ẹnu kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ máa pàṣẹ títí ogun á fi parí, pé ẹnu àwọn ọba ti pọ̀ jù. Wọ́n bá ṣòfin. Wọ́n ní kí ajẹ́lẹ̀ máa lọ láti ìlú dé ìlú, kí ó ka ìwé kan sétí ọba. Etí ọba fúnra rẹ̀ o, kì í ṣe etí ìjòyè. Bí ọba bá ti gbọ́ ìwé yẹn tán, ó ti di baálé ilé, wọ́n á ká adé lórí rẹ̀, wọ́n á gbé e sínú àpótí. Bí ajẹ́lẹ̀ bá sì dé ìlú tó bá pé ọba ti wàjà, ìyẹn rọrùn. Á gbé adé lọ, wọn ò sì gbọdọ̀ fi ẹlòmíràn jẹ. Wọ́n ní tí ogun bá parí, àwọn á kó gbogbo adé padà wá. Ogun parí. Ṣé ẹ rí adé? Ọkọ̀ ojú omi tó kó wọn lọ, ọ̀nà ibo ló gbà? Títí dòní.

Ọba Igbó-Ọsàn nígbà yẹn, bàbá mi ni. Ọ̀sẹ̀ tí a gbọ́ pé ajẹ́lẹ̀ ti dé ìlú kejì sí tiwa, ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni bàbá mi wàjà.

Ẹ̀yin ò mọ àṣà yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. A kì í kéde pé ọba wàjà lọ́jọ́ tó bá wàjà. A máa ń fi pa mọ́ ni. Oúnjẹ rẹ̀ á ṣì máa wọlé. Omi ìwẹ̀ rẹ̀ á ṣì máa gbóná. Àwọn ìjòyè á ṣì máa wá kí i láàárọ̀, wọ́n á máa dọ̀bálẹ̀ fún ilẹ̀kùn, títí àwọn àgbà á fi parí ohun tí wọ́n ń ṣe. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni. Bó pẹ́ tán, oṣù mẹ́ta. Tiwa gba ọdún mẹ́rin. Ẹ ò rí i pé ìlú wa mọ àṣà í pa mọ́.

Ẹni mẹ́rin ló mọ̀. Ìjòyè àgbà méjì, ìyá mi tó jẹ́ olorì tó kéré jù, tó ń tọ́jú yàrá ọba, àti èmi. Àwọn olorì tó kù fura. Ṣùgbọ́n ẹni tó fura tí kò bèèrè, kò mọ̀.

Kí ni wọ́n fẹ́ fi ọmọ kékeré ṣe nínú irú ọ̀rọ̀ yìí? Nítorí ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe ni. Mo máa ń sín bàbá mi jẹ tó bá ń hanrun, kí àwọn olorì lè rẹ́rìn-ín. Ìhanrun bàbá mi kì í ṣe kékeré! Bí ìgbà tí wọ́n ń fa odó lórí àpáta ni. Á bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, á máa gòkè, á gòkè, á wá dúró… ìwọ á rò pé ó ti tán… á wá já wálẹ̀ pẹ̀lú fèrè tín-ín-rín kan. Fèrè yẹn ló ṣòro. Kò sí ẹni tó lè fọn ọ́n àfi èmi, nítorí eyín iwájú mi tó ti ká.

Ìyá mi pè mí wọ yàrá. Ó ní, "Àdùnní, bàbá rẹ ti wàjà. O ò gbọdọ̀ sunkún."

Mo ní, "Màámi, kí ni kí n wá ṣe?"

Ó ní, "Wàá hanrun."

Mo ní, "Ṣé irọ́ kọ́ nìyẹn?"

Ó ní, "Irọ́ ni. Èmi ni màá jẹ́jọ́ rẹ̀ lọ́run, kì í ṣe ìwọ. Dùbúlẹ̀."

Mo dùbúlẹ̀ sórí ẹní bàbá mi. Ẹní náà ṣì ń rùn bí òun. Ẹ gbọ́, ọmọdé ni mí, bàbá mi kú, wọ́n ní kí n máa hanrun. Mo hanrun. Bí mo ṣe sunkún bàbá mi nìyẹn.

Ajẹ́lẹ̀ dé. Òyìnbó tín-ín-rín kan, gbogbo ara rẹ̀ kún fún eruku. Ògbufọ̀ rẹ̀ tẹ̀ lé e, ọmọ Igbó-Ọsàn ni ògbufọ̀ náà. Ìjòyè àgbà jáde sí wọn, ó ní, "Ẹ kú ọ̀nà. Kábíyèsí ń sùn."

Òyìnbó ní kí wọ́n jí i.

Ìjòyè ní, "Ẹ wọlé kí ẹ jí i. Ta ló di yín lọ́nà? Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wí fún yín o. Ní ìlú yìí, ẹni tó bá jí ọba lójú oorun ti di ọkọ gbogbo olorì. Mọ́kànlá ni wọ́n. Àwọn nìyẹn."

Àwọn olorì ti tò sí ìloro, wọ́n jókòó lọ́wọ̀ọ́wọ́. Olorì àgbà wo òyìnbó láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ṣé èyí tó rí bí igi ìdáná yìí? Kò burú. A ó máa fún un ní iyán."

Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Òyìnbó pọ́n bí ata ṣọ̀ǹbọ̀. Ó rọra lọ gbé etí lé ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ èémí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ilẹ̀kùn. Mo bẹ̀rẹ̀. Mo gòkè, mo gòkè, mo dúró… mo fọn fèrè.

Ní ààfin wa, bí a bá ti gbọ́ ìró ọba, ì báà jẹ́ ikọ́, ilẹ̀ la máa dọ̀bálẹ̀ sí. Gbogbo èrò tó wà ní àgbàlá wó lulẹ̀ gbì! "Kábíyèsí o!" Òyìnbó nìkan ló dúró, bí igi tí iná oko ṣẹ́ kù. Ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó wọ ọkọ̀, ó lọ. Kí ni ì bá ṣe? Ọba ò kú, kò lè gbé adé. Ọba ò gbọ́, kò lè ka ìwé. Òun náà ò sì fẹ́ ìyàwó mọ́kànlá.

Ó tún padà wá. Lẹ́yìn oṣù méjì méjì ló máa ń wá. Ó wá láàárọ̀, ọba ń sùn. Ó wá ní ìyálẹ̀ta, ọba ń sùn. Lọ́jọ́ kan inú bí i, ó ní, "Ṣé ọba yín kì í jí ni?" Ìjòyè ní, "Ó jí lánàá. Ẹ ò wá lánàá."

Oúnjẹ ọba ńkọ́? Èmi ni mo ń jẹ ẹ́. Iyán, ẹran ìgbẹ́, adìyẹ. Ìdí nìyí tí mo fi ga ju gbogbo ẹ̀gbọ́n mi lọ. Lọ́dún kejì, eyín iwájú mi hù padà, fèrè kò jáde mọ́. Ajẹ́lẹ̀ ní ohùn Kábíyèsí ti yí padà. Ìyá mi gé ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ, ó fi há mi lẹ́nu. Fèrè padà. Ìyá mi yìí… ká ní ó kàwé ni!

Ọjọ́ kan báyìí, mo dùbúlẹ̀, mo mú itan adìyẹ lọ́wọ́ kan, mò ń jẹ, mò ń hanrun. Mo gbójú sókè, mo rí ojú kan ní ihò ògiri ẹ̀yìn. Làmídì ni, ọmọ ògbufọ̀. Ó bá bàbá rẹ̀ wá, ó wá tọ̀ ní ẹ̀yìn ilé. Mo wò ó, ó wò mí. Mo fi ìka lé ètè. Mo na itan adìyẹ sí i láti inú ihò. Ó gbà á, ó jẹ ẹ́ dé egungun, ó lọ. Kò sọ fún bàbá rẹ̀. Kò sọ fún ẹnì kankan.

Ogun parí, òfin parí. Àwọn ìjòyè wá kéde pé Kábíyèsí wàjà lójú oorun. Gbogbo ìlú sunkún. Èmi náà sunkún, ẹkún ọdún mẹ́rin. Àwọn ènìyàn ní, ọmọ yìí mà fẹ́ràn bàbá rẹ̀ o, wọn ò mọ̀ pé ẹkún ti pẹ́ nínú mi. Wọ́n fi ọba tuntun jẹ. Adé ò kúrò ní Igbó-Ọsàn. Ìyá mi mú mi búra pé n kò ní sọ ọ́ fún ẹ̀dá alààyè. Mo búra.

Mo wá sí Ìbàdàn. Mo fọ aṣọ ibùsùn ní ilé ìwòsàn kan ní Jẹ́ríkò títí mo fi fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn tí bàbá yín, tó jẹ́ àbíkẹ́yìn mi, wọ ilé ìwé, èmi náà wọ ẹ̀kọ́ àgbà. Lọ́jọ́ kan, tíṣà ní kí oníkálukú kọ gbólóhùn kan nípa ara rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé, "N kì í purọ́." Tíṣà fún mi ní máàkì tó péye. Mo wo ìwé náà lọ́jọ́ yẹn, ojú tì mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gba máàkì.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń lépa irọ́ kiri. Ẹ̀yin náà mọ̀. Ta ni mo mú lọ bẹ oníṣọ́ọ̀bù ní Dúgbẹ̀ nítorí ó sọ fún un pé òun ti wà lọ́nà, nígbà tó ṣì ń wẹ̀? Ìwọ Ayọ̀ kọ́? Ayé àtijọ́, tí ènìyàn bá fẹ́ purọ́, ó gbọ́dọ̀ wá síwájú rẹ, kó wojú rẹ, kó máa làágùn. Lónìí, ẹ dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ní Ring Road, ẹ ní ẹ ti dé Challenge. Fóònù ti gba òógùn lára irọ́.

Ẹgbẹ́ wa ń ṣe ìwé ìtàn ìlú. Làmídì ni wọ́n gbé e fún. Ó ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tókọ́pì ní Agbowó, ó ti ń kọ ọ́ láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, kò fẹ́ kú láìparí rẹ̀. Ní ìpàdé oṣù tó kọjá lọ́hùn-ún, ààrẹ ẹgbẹ́, ọmọ kékeré, kò tíì pé ọgọ́ta ọdún, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé oògùn alágbára ni ọba fi sun oorun ọdún mẹ́rin. Làmídì dìde. Ó ní, "Ẹ má kọ irọ́ sílẹ̀ fún ọmọ yín. Oorun kọ́. Ọba ti wàjà. Ọmọdé kan ló ń hanrun."

Gbọ̀ngàn dàrú. "Ó ń ta adé wa!" "Àwọn onílùú alága ló rán an!" Bàbá Ràímì nìkan ni kò pariwo, àgbà tó dàgbà jù wá lọ, tí kò mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́. Ó ń wo fáànù òkè.

Ààrẹ kọjú sí mi. "Ìyá Òótọ́, ẹ̀yin lẹ wà láàfin nígbà yẹn. Ṣé òótọ́ ni?"

Làmídì wò mí. Kò dárúkọ mi. Ó lè dárúkọ mi, kò dárúkọ mi. Ojú inú ihò ògiri yẹn náà ló fi wò mí.

Mo ní, "Òpùrọ́ ni."

Wọ́n gba iṣẹ́ ìwé ìtàn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ wọ ìpàdé mọ́. Ó mú fìlà rẹ̀, ó jáde.

N ò lè jẹun. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Agbowó. Mo bá a nídìí ẹ̀rọ, àwọn ọmọ ilé ìwé yí i ká. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kọ́pì méjì, wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìdánwò!" Mo wo bébà tó ń kì sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń lò. Iwájú rẹ̀, ìtàn ìlú wa ni, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀. Iṣẹ́ ọdún mẹ́fà, ó ń fi ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ iṣẹ́ àṣetiléwá.

Mo ní, "Làmídì, mo wá bẹ̀ ọ́."

Kò gbójú sókè. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀. Kọ́pì mélòó lẹ fẹ́?"

"Làmídì."

"Mo jẹ itan adìyẹ kan, ẹ̀gbọ́n. Mo fi ọgọ́rin ọdún pa ẹnu mọ́ lé e lórí. Adìyẹ wo ló tún níye lórí tó bẹ́ẹ̀?"

Mo ní, "Adé ni mò ń rò. Bí ìjọba bá ní adé wa kò bófin mu ńkọ́? Òun nìkan ló kù."

Ó pa ẹ̀rọ. Ó ní, "Ọba mẹ́rin ti jẹ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí. Òyìnbó ti kú. Ìwé tó mú wá ti jẹrà. Ta ló fẹ́ wá ká adé lórí ọba nítorí pé ọmọdé kan hanrun? Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe adé lẹ dáàbò bò lọ́jọ́ yẹn. Ìyá Òótọ́ ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára bí omi tútù. Mo ní, "Mo gbà. Dárí jì mí."

Ó ní, "Níhìn-ín? Láàárín kọ́pì? Ibi tí ẹ ti bọ́ aṣọ lára mi, níbẹ̀ ni kí ẹ ti wá wọ̀ ọ́ fún mi." Ó tan ẹ̀rọ padà.

Ẹ gbọ́ ìmọ̀ràn mi, ẹ̀yin ọmọ mi. Irọ́ tí ẹ bá fi gba ìlú là, ẹ má fi í ṣe ilé gbé. Ìyá mi ní òun á jẹ́jọ́ irọ́ tàkọ́kọ́. Kò sí ìyá tó fẹ́ bá mi jẹ́jọ́ èkejì.

Ọjọ́ Sátidé tó kọjá, ìpàdé pé. Mo mú Làmídì dání. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dá a dúró sí, ó dúró síbẹ̀, ó di fìlà mú. Mo dìde, mo ní, "Òótọ́ ni Làmídì sọ. Èmi ni ọmọdé náà."

Ààrẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín tí wọ́n ń rín fún arúgbó. Ó ní, "Ìyá, ó ti rẹ̀ yín. Ẹ jókòó, a ó fún yín ní mínírà. Bí ẹni pé èèyàn lè fi ìhanrun tan òyìnbó!"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ kọ́?" Mo yọ eyín àtọwọ́dá mi, mo gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì, síwájú rẹ̀ gan-an, lórí ìwé ìpàdé. Ó sún àga sẹ́yìn. Mo di ojú mi. Mo rántí ẹní bàbá mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́. Mo gòkè. Mo gòkè. Mo dúró… ẹnì kan ní, "Ó ti tán." Mo já wálẹ̀, fèrè sì jáde, tín-ín-rín, láti àárín eyín tí kò sí níbẹ̀ mọ́.

Gbì!

Bàbá Ràímì ni. Bàbá tí kò mọ orúkọ ọmọ rẹ̀, ó ti yọ́ kúrò lórí àga, ó ti nà gbalaja sílẹ̀, ó fi iwájú orí kan táìlì. "Kábíyèsí o! Kí adé pẹ́ lórí! Kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀!"

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Ààrẹ ẹgbẹ́ rọra dìde lórí àga rẹ̀, kò mọ̀ bóyá kí òun dọ̀bálẹ̀ tàbí kí òun dúró, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ báyìí, ó dúró ní ààbọ̀.

Mo rìn dé ẹnu ọ̀nà, mo kúnlẹ̀ síwájú Làmídì. Orúnkún mi dún. Èmi ni ẹ̀gbọ́n, mo kúnlẹ̀. Eyín mi ṣì wà lórí tábìlì, fèrè sì ń jáde nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ, Bàbá Ràímì sì ń dáhùn láti ilẹ̀ pé "Kábíyèsí!" ní gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ tán. Mo ní:

"Ẹ̀yin ọmọ Igbó-Ọsàn, èmi Àdùnní ni mo hanrun fún ọdún mẹ́rin. Ẹ̀ṣẹ̀ kọ́ nìyẹn, n ò bẹ ẹnikẹ́ni fún un. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí: Làmídì mọ̀ mí, ó bò mí láṣìírí, kódà lọ́jọ́ tí mo ń bà á lórúkọ jẹ́, kò dárúkọ mi. Mo pè é ní òpùrọ́ níwájú yín kí ẹ lè máa pè mí ní Ìyá Òótọ́. Ẹ gba orúkọ yẹn lọ́wọ́ mi, ẹ dá iṣẹ́ ìwé ìtàn padà fún un. Òpùrọ́ tó wà nínú gbọ̀ngàn yìí, èmi ni. Làmídì, àbúrò mi, jọ̀ọ́, má bínú sí mi."